Fóònù Inú Gèlè

Abẹ́ gèlè ìyá wa ni ohùn àwa ọmọ Odo-Ape tí iṣẹ́ gbé lọ sí Abuja àti Lọ́kọ́ja ń gbé. Kì í ṣe gèlè òde ìnáwó o, gèlè ilé lásán ni. Bí fóònù bá dún, á tẹ̀ ẹ́, á tì í bọ abẹ́ gèlè lẹ́bàá etí, á wé gèlè náà le, ọwọ́ á sì padà sídìí iṣẹ́. Ìró ọmọ odó la máa ń gbọ́ kí a tó gbọ́ "Okun o!", ìkíni tí wọ́n fi sọ gbogbo wa lórúkọ.

Àwọn tó ń ṣe fóònù náà ti ro ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ fóònù ilé aláìlókùn, èyí tí èèyàn lè máa gbé rìn kiri inú ilé, ló ní ìkọ́ tí a fi ń há a mọ́ bẹ́líìtì, àti ihò 2.5 mm tí a lè ki wáyà etí bọ̀. Ọwọ́ méjèèjì á wà lómìnira. Ṣùgbọ́n ìyá mélòó ló rí fóònù ilé lò lábúlé? Wọ́n dá NITEL sílẹ̀ lọ́dún 1985, síbẹ̀ wáyà rẹ̀ ò dé ilé ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìgbà tí GSM dé lọ́dún 2001 ni fóònù tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Àwọn ìyá wa ò ní bẹ́líìtì. Gèlè ni wọ́n ní.

Ọwọ́ obìnrin ilẹ̀ Bùnú kì í sì í dilẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn ìyá àgbà a máa hun aṣọ. Ta ni yóò fi ọwọ́ kan hun aṣọ?

A dáwó, a ra fóònù etí Bluetooth fún ìyá wa. Kò lò ó pẹ́. Ó ní òun ò lè máa dá sọ̀rọ̀ lójú pópó bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú. Bó bá jẹ́ ti inú gèlè, ṣebí gbogbo ayé ń rí fóònù níbẹ̀. Àti pé fóònù kan tó ń wá iná kiri ti tó òun, òun ò wá ìkejì.

Àwọn kan nínú wa máa ń ráhùn pé ìyá ò fọkàn sí ọ̀rọ̀ àwọn, pé iyán ló ń gbájú mọ́. Àwa tó kù ò ráhùn. Bí a bá bi í nípa ara rẹ̀, "Ara mi le" ni ìdáhùn, kódà nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀. Ẹnu ìyá lè bo àìsàn mọ́lẹ̀ kí ọkàn ọmọ má bàa dàrú. Ọmọ odó ò mọ irọ́ pa. Bó bá ń dún gbì, gbì, a mọ̀ pé agbára ṣì wà lápá.

Ọjọ́ tí a bá pè tí ibẹ̀ pa lọ́lọ́, tó ní òun kàn jókòó ni, mọ́tò Kabba la máa ń wá.