Ohun Tí Bébà Inú Búùtù Sọ Nípa Ọkọ̀ Bàbá Ìbejì

Nílé, ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ máa ń mú mẹ́káníìkì dání. Níbí ní Houston, iṣẹ́ míì tún wà tí wọ́n ń pè mí sí: kí n wá wo ọkọ̀ ọlọ́pàá àtijọ́, kí n sọ bóyá ọkọ̀ ọlọ́pàá ni lóòótọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àwọn tó ń kó irú ọkọ̀ yìí jọ ní Amẹ́ríkà pọ̀, owó ojúlówó kì í sì í ṣe owó ayédèrú. Ẹnikẹ́ni ló lè kun ọkọ̀ ní dúdú àti funfun, kó gbé iná pupa àti búlúù lé e lórí, kó wá ní ọlọ́pàá ló ni ín tẹ́lẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé kí wọ́n fi iná orí òrùlé sílẹ̀ ná. Iná yẹn, fèrè, rédíò, irin tó pín iwájú níyà sí ẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ wọn kì í bá ọkọ̀ jáde láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Àwọn ọlọ́pàá tó rà á ló ń dè wọ́n mọ́ ọn, wọ́n á sì tú wọn kí ọkọ̀ náà tó dé gbàǹjo. Ohun tí ilé-iṣẹ́ fi sí i ni ojú kì í tètè rí: sípíríǹgì tó le, bíréèkì tó lágbára, alternator ńlá, àti ohun tó ń mú kí ọ́ìlì tutù. Aṣọ ńlá kọ́ ni èèyàn ńlá.

Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ford Crown Victoria rọrùn. Èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1993 sí 2010, ẹ wo nọ́ńbà ṣáṣì rẹ̀. Bí ẹ bá bá P71 níbẹ̀, ti ọlọ́pàá ni. Fún àwọn Ford àtijọ́, Marti Auto Works ní àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ láti ọdún 1967. Ẹ sanwó, wọ́n á tẹ ohun tí ọkọ̀ yín gbé jáde fún yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo fíìmù The Blues Brothers ti 1980, Dodge Monaco 1974 ni ọkọ̀ yẹn. Nọ́ńbà irú ẹ̀ tó jẹ́ ti ọlọ́pàá máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DK41. K yẹn ni ẹ̀rí.

Chevrolet Caprice ló ń dààmú èèyàn. Nọ́ńbà ṣáṣì rẹ̀ kò ní sọ fún yín pé ti ọlọ́pàá ni. Nínú èyí tó jáde ní 1994 sí 1996, lẹ́tà kẹjọ á sọ ẹ́ńjìnnì: W ni lítà 4.3, P ni LT1, lítà 5.7, tó ní agbára ẹṣin 260. Ṣùgbọ́n Impala SS náà gbé LT1, nítorí náà ẹ́ńjìnnì nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ibi tí ẹ̀rí wà ni bébà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí búùtù. Àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà wẹ́wẹ́ ló kún inú ẹ̀. 9C1 ni ọlọ́pàá. 9C6 ni takisí.

Nọ́ńbà kan péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì, òun ló sì gbé mi dé ilé Ìyá Ìbejì.

Ọkọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, ra Caprice 1995 ní gbàǹjo ìjọba ní 1998. Ó fi wa takisí fún ọdún mélòó kan, ó wá gbé e sí gárájì, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án mọ́. Nígbà tó kú, ìyàwó rẹ̀ fẹ́ tà á kó lè fi kún owó ilé-ìwé àwọn ìbejì. Ẹnì kan wá wò ó, ó rí ihò lórí òrùlé àti ojú ibi tí mítà takisí wà, ó ní takisí lásán ni, òun ò lè san ju dọ́là 1,500 lọ.

"Bọ̀dá," Ìyá Ìbejì pè mí lórí fóònù, "ṣé irọ́ ni Bàbá Ìbejì ń pa fún wa látọjọ́ yìí ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ju ọ̀rọ̀ owó lọ.

Mo mú tọ́ọ̀ṣì àti aṣọ rírọ̀ tó tutù díẹ̀ lọ. A kì í fi agbára nu bébà yẹn, torí tó bá ti pa rẹ́, ó parí. Mo kọ́kọ́ fi nọ́ńbà ṣáṣì tó wà lára rẹ̀ wé èyí tó wà níwájú ọkọ̀, nítorí èèyàn lè yọ ìdérí búùtù ọkọ̀ kan sí òmíràn. Wọ́n bára mu. Mo wá ń ka àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ìbejì dúró lẹ́yìn mi, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. 9C1 wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ ọkọ rẹ̀. "Ẹ ṣeun," ló sọ, ó sì dákẹ́.

Ṣùgbọ́n mo tún rí nǹkan míì. Spotlight tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé awakọ̀, tí àwọn ọmọ fẹ́ràn jù, kò ní àmì kankan nínú bébà náà. Kì í ṣe Chevrolet ló fi í síbẹ̀. Ó lè jẹ́ ọlọ́pàá, ó lè jẹ́ bàbá wọn. Bébà ò lè sọ ìyẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ní, "Uncle, ẹ má sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ rà á."

Kí n tó fèsì, ìyá rẹ̀ ti dáhùn: "Bọ̀dá, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Bàbá yín ò purọ́ ta ọjà rí."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni: ohun tó bá ọkọ̀ jáde, ohun tí kò bá a jáde. Ẹni tó kọ́kọ́ wá ò padà wá mọ́. Ẹlòmíràn ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó béèrè nípa spotlight, mo fún un lésì, ó sì san ju ìlọ́po méjì iye àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ ní kó bá àwọn yọ spotlight yẹn sílẹ̀. Ó gbà.

Ẹ̀yin tí irú ọkọ̀ yìí wà ní gárájì yín, tàbí ní gárájì bàbá yín, ẹ ṣí búùtù lópin ọ̀sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ ya fọ́tò bébà náà. Ó lè pa rẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹni tó lè sọ bí ọkọ̀ náà ṣe dọ́wọ́ yín kò sì ní wà títí láé.