Ẹ̀kọ́ Kì í Ṣe Ìwọ̀fà

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe yìí yé tọmọdé tàgbà ní Òkè-Ògùn. Ẹni tí yóò san owó ẹ̀kọ́ náà ni ìṣòro wa.

Láyé àtijọ́, bí ìnáwó bá ká ẹni tí kò lówó mọ́, ó lè fi ọmọ rẹ̀ sọfà. Ọmọ náà yóò máa ṣiṣẹ́ lóko olówó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé, a kò sì tí ì fọwọ́ kan ojú owó. Títí di òní, bí mo bá dárúkọ ẹ̀yáwó ìjọba fún àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn tàbí àwọn àgbẹ̀ Ṣakí, ìwọ̀fà ni ọkàn wọn ń lọ sí. Bàbá kan bi mí pé, "Tíṣà, ṣé kí n fi ọmọ mi sọfà fún ìjọba ni?"

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ní 1972, ìjọba ológun dá ìgbìmọ̀ tí yóò máa yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ owó náà ni kò padà wálé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin mìíràn. Òfin yìí fi ẹ̀yáwó mọ sọ́dọ̀ ìdílé tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún kò tó ₦500,000, ó sì béèrè onídùúró. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin tuntun rọ́pò rẹ̀. Ó mú onídùúró àti òdiwọ̀n náà kúrò.

Kí a má purọ́, ẹ̀yáwó yìí kì í ṣe ìwọ̀fà. Kò ní èlé. A kò ní fipá béèrè rẹ̀ títí ọdún méjì yóò fi kọjá lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Bí onígbèsè bá sì kú, gbèsè náà kò ní di ogún fún ará ilé rẹ̀. Nígbà tí ó bá ríṣẹ́, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀ ni a ó máa yọ.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ni ìdá kan yẹn? Ní ilé tálákà, ojú àkọ́bí tí ó kàwé ni àwọn àbúrò ń wò. Bí a bá ti yọ ọ́, owó ilé ìwé àbúrò ni a yọ. Ọmọ olówó, ní tirẹ̀, yóò gba owó oṣù rẹ̀ ní pípé. Kíláàsì kan náà ni àwọn méjèèjì jókòó sí, ṣùgbọ́n ọ̀kan jáde pẹ̀lú gbèsè lọ́rùn.

Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé owó ìrànwọ́ tí a kì í dá padà ni ó yẹ ọmọ tálákà. Kí ẹ̀yáwó wà fún ẹni tí apá rẹ̀ ká a. Irú òdiwọ̀n tí òfin 2023 fi ń mọ ẹni tí yóò jẹ gbèsè ni kí a fi máa mọ ẹni tí a ó ràn lọ́wọ́.

Èyí kì í ṣe àlá. Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1979, ìjọba Bọ́lá Ìgè mú un dé ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. A kò kọ orúkọ ọmọ kankan sínú ìwé gbèsè. Olùkọ́ jáde nínú wọn, nọ́ọ̀sì jáde, agbẹjọ́rò jáde. Nínú iṣẹ́ àti owó orí wọn ni ìlú ti gba tirẹ̀ padà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrèǹgbè. Ẹ jẹ́ kí ìlú gbé ọmọ náà dé pẹpẹ lónìí. Òun ni yóò tọwọ́ bọ akèrèǹgbè fún ìlú lọ́la.