Gbèsè Òǹwòran

Ìlú tí àpáta ńlá yí ká ni Ìkẹ́rẹ́ Èkìtì; òkè Olósùnta ni ojú àlejò sì máa ń kọ́kọ́ wò. Ní tèmi, Ọjà Ọba ni ẹsẹ̀ mi máa ń yà sí. Kí ènìyàn tó rìn dé ìsọ̀ àwọn aláṣọ, òórùn bọ̀ọ̀lì á ti gba imú rẹ̀. Kí ó tó kúrò níbẹ̀, ìró odó á ti máa pè é sí ilé olóúnjẹ. Iyán Èkìtì kò ní àfiwé. Mo mọ̀ pé àwọn ará Ìjẹ̀ṣà yóò bá mi jiyàn. Kí wọ́n kọ́kọ́ wá jẹ ẹ́ ní gbígbóná ná.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni ìwà wa sí onílù. Yóò dúró nínú oòrùn, gángan ní abíyá, yóò máa fi awọ sọ oríkì. Àwọn ọmọ ilé ìwé á pa agbo yí i ká, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a jó. Ṣùgbọ́n bí ó bá ku kí a ki ọwọ́ bàpò, agbo a tú ká bí ẹyẹ tí ó gbọ́ ìró ìbọn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò jẹ́ jẹ àkàrà kan kí wọ́n sá lọ. Wọn a ní, “Ta ni ó ní kí ó lù ú?” Ta ni ó sì bẹ alákàrà pé kí ó dín in?

Ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914, Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ gba Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére láti Ìsẹ̀, láti gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin rẹ̀. Ilẹ̀kùn kan nínú wọn dé ibi àfihàn ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924. Àwọn aláṣẹ British Museum fẹ́ rà á, Ògògà kò tà á. Ìgbà tí wọ́n fi ìtẹ́ tí a ṣe ní ìlú Òyìnbó ṣe pàṣípààrọ̀ ni ó tó yọ̀ǹda rẹ̀. Pé ìtẹ́ náà tó ilẹ̀kùn náà, èmi kò gbà. Ṣùgbọ́n wọn kò mú un lọ́fẹ̀ẹ́.

Kì í sì í ṣe owó nìkan ni a fi ń san irú gbèsè yìí. Ọmọ tí kò ní kọ́bọ̀ lè dúró títí ìlù yóò fi dákẹ́, kí ó sì wí pé, “Ẹ kú iṣẹ́, bàbá.” Mo ti rí ìyá alákàrà kan tí ó di àkàrà márùn-ún fún onílù, tí kò sọ̀rọ̀ kan. Onílù gbà á, ó yí ìlù padà, ó sì ń kì í títí àwọn tí ń kọjá lọ fi yà sí ìdí agbada rẹ̀.