Ẹ gé lẹbẹ pátákó yín kúrú kẹ́ ẹ tó wọ odò San Marcos!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ìrẹsì Ọ̀fadà nìkan ni ìrẹsì tó lè máa ṣe fáàrí, ẹ jẹ́ ká jọ dé ìpínlẹ̀ Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìrẹsì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá wá gbogbo ayé kárí, ẹ ò ní í rí ibòmíràn tó ti ń dá hù. Inú odò San Marcos ló ń gbé, ní ìwọ̀nba kìlómítà díẹ̀ láti orísun odò náà. Wọn kì í sè é jẹ o, òfin ló ń ṣọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwa tá à ń wá ṣe fàájì lórí omi wà lára ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Àárín Austin àti San Antonio ni ìlú San Marcos wà, lójú títì márosẹ̀ I-35. Àwọn Yorùbá tó wà ní Houston máa ń wakọ̀ tó wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó débẹ̀. Abẹ́ àpáta ni omi náà ti ń sun, ojú ìsun ibẹ̀ sì lé ní igba. Ẹ̀ẹ̀rùn o, òtútù o, bíi 22 lórí ìwọ̀n Celsius ni omi náà máa ń wà. Ó mọ́ débi pé bí kọ́bọ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ óò rí ibi tó dùbúlẹ̀ sí. Ilé ẹ̀kọ́ tí Lyndon Johnson, tó di ààrẹ Amẹ́ríkà, ti jáde lọ́dún 1930 wà létí ibẹ̀. Títí di ọdún 1996, ọgbà ìgbafẹ́ kan wà lójú orísun náà tí ẹlẹ́dẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ralph ti máa ń bẹ́ sómi lójú èrò. Ẹ rẹ́rìn-ín, àmọ́ òótọ́ ni!

Ohun tó gbòde níbẹ̀ báyìí ni paddleboard, ìyẹn pátákó gbọọrọ téèyàn máa ń dúró lé lórí, táá máa fi àjẹ̀ gígùn wà á. Òmíì nínú wọn, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń fẹ́ sí i bíi táyà. Lábẹ́ ìdí ẹ̀ ni lẹbẹ kan wà, bíi ti ẹja. Òun ló ń jẹ́ kí pátákó máa lọ tààrà. Bí kò bá sí i, tẹ́ ẹ bá wà á lápá ọ̀tún, imú ẹ̀ á máa yà sósì ni ṣáá.

Lẹbẹ tó máa ń bá ọ̀pọ̀ pátákó wá láti ṣọ́ọ̀bù gùn tó íǹsì 8 tàbí 9. Lórí ọ̀sà, kò burú. Ṣùgbọ́n odò San Marcos láwọn ibi tí omi ò ti ju orúnkún lọ, òkúta sì wà nísàlẹ̀. Bí lẹbẹ gígùn bá kọ lu òkúta, pátákó á dúró gbágbáágbá, ẹni tó wà lórí ẹ̀ ò ní í dúró. Ọmọ Ìlàjẹ tó ń fi ẹ́ńjìnnì wakọ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí: tómi bá ti fà, á gbé ẹ́ńjìnnì sókè, á fa ọ̀pá yọ.

Kí wá ni ṣíṣe? Lẹbẹ odò wà lọ́jà, bí íǹsì 4 tàbí mẹ́rin àtààbọ̀, rọ́bà tó ṣe é tẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí kò bá fẹ́ náwó lè gé tiẹ̀, bó bá jẹ́ èyí tó ṣe é yọ. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ilà sí i, kí iwájú ẹ̀ dà sẹ́yìn bíi ti ìyẹ́ ẹyẹ, kí koríko lè máa yọ̀ kúrò lára ẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ìdí ẹ̀ tó wọ inú pátákó. Bí ìdí yẹn bá fẹ̀, á ràn yín lọ́wọ́ láti lọ tààrà. Ẹ fi ayùn irin gé e, ẹ fi sáńdípépà yun ẹnu ẹ̀ kó má mú. Tó bá jẹ́ fáíbà ni, ẹ bomi sí i, kẹ́ ẹ sì bo imú. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ gé e, torí èyí tá a gé kù ṣe é tún gé, èyí tá a gé jù ò ṣe é so padà.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Houston fi igbe ta, ó ní, “Àbúrò, owó ni mo fi rà á o! O wá ní kí n gé e?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, eyín yín wọ́n jù ú lọ.”

Lóòótọ́, pátákó á máa yà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ tètè máa pààrọ̀ apá tẹ́ ẹ fi ń wà á. Bí ojú ihò ẹ̀ bá gùn, ẹ sún lẹbẹ náà sẹ́yìn, á túbọ̀ lọ tààrà. Ẹ má so okùn pátákó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ nínú odò tó ń ṣàn, torí bó bá há, omi lè tẹ èèyàn mọ́lẹ̀. Ìbàdí ni kó wà, kó sì jẹ́ èyí tó ṣe é já lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìrẹsì wa. Ewé ẹ̀ gùn, ó ń fì lábẹ́ omi bí irun obìnrin. Tó bá fẹ́ yọ òdòdó, á gbórí sókè lórí omi kí atẹ́gùn lè bá a ṣiṣẹ́. Pátákó tó bá gba ibẹ̀ kọjá á dá ọrùn ẹ̀, irúgbìn ọdún yẹn ti lọ nìyẹn. Lọ́dún 1978 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ mọ́ ohun tó fẹ́ẹ́ pa rẹ́. Lọ́dún 2012, Texas ya apá kan odò náà sọ́tọ̀ fún ààbò ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ fà á tu. Nígbà ọ̀dá 2022 àti 2023, omi fà gan-an, ewé tó ti sá pamọ́ sísàlẹ̀ wá di ohun tí lẹbẹ ń gbá.

Nítorí náà, lẹbẹ kúkúrú ń gba ewé là, kò lè gba òdòdó là. Tẹ́ ẹ bá rí i lókèèrè, ẹ yà fún un. Bómi bá sì ti fà jù, ẹ sọ̀ síbi tó jẹ́ iyanrìn lásán, kẹ́ ẹ gbé pátákó yín gba etí odò. Ẹ̀yin lẹ lẹ́sẹ̀. Ìrẹsì ò ní ẹsẹ̀ tó máa fi sá fún yín.