Bí Ọmọdé Bá Ní Epo Ń Rùn

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn wa tí ó ti pẹ́ tí a ti fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n ìtìjú ni kò jẹ́ kí á tètè sọ ọ́. Ẹnu wa yìí ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé kéwú pé àmánà ni ohunkóhun tí ó bá wà níkàáwọ́ ẹni, kí á tọ́jú rẹ̀. Ọwọ́ wa yìí kan náà ni a kò fi tọ́jú ọkọ̀ tí a fi ń gbé àwọn ọmọ náà. Ẹ jẹ́ kí á sọ bí ó ti rí, bóyá ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ tí ó ti dàgbà nínú yín yóò rí ẹ̀kọ́ mú níbẹ̀.

Ọkọ̀ Toyota Corolla kan ni a ní, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2003. Tòkunbọ̀ ni. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó, ọ̀nà Kùtọnu ni ó sì gbà wọlé kí àwa tó rà á ní ọdún 2011. Nítorí ibi tí ó ti wá, máìlì ni ó ń kà, kì í ṣe kìlómítà. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2019, ó ti lé ní 190,000 máìlì, èyí tí ó ju 300,000 kìlómítà lọ. Bí ọkọ̀ yìí bá jẹ́ ènìyàn, à bá ti máa kí i ní ìkí àgbà. Òun ni ó ń gbé wa láti Ìwó lọ sí Ìbàdàn, òun ni ó ń kó ìwé, òun náà ni ó ń kó àwọn ọmọ ilé kéwú lọ sí ibi ìdíje kíka Àlùkùránì.

A rò pé a mọ ọkọ̀. Ọkọ̀ Peugeot 504 ti olùkọ́ wa ni a fi kọ́ ọkọ̀ wíwà ní nǹkan bí ọdún 1988. Kabúrétọ̀ ni ọkọ̀ náà ń lò. Bí ó bá ń wúkọ́ lójú ọ̀nà, a ó tú fílítà epo rẹ̀, a ó fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ìdọ̀tí yóò fi jáde, a ó dá a padà, ọkọ̀ yóò sì máa lọ. Nígbà tí a wá ra Corolla, ọgbọ́n ayé 504 yẹn náà ni a gbé wọ inú rẹ̀. A ń fọ ara ọkọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, a ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bí owó bá ti gbà wá láàyè, ṣùgbọ́n a kò bèèrè ọ̀nà tí epo ń gbà dé inú ẹ́ńjìnnì rí. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, rọ́bà tí ó ń gbé epo bẹntiróòlù dé ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í jò díẹ̀díẹ̀. Mẹkáníìkì kan ní ẹ̀gbẹ́ títì ní òun lè bá wa wá irú rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀. Ó fi rọ́bà lásán hàn wá, ó ní, “Àfáà, eléyìí náà á ṣiṣẹ́, ẹ̀dínwó ni.” Inú wa dùn sí ẹ̀dínwó. Ó gé rọ́bà náà, ó fi kílíìpù dè é lọ́tùn-ún lósì, a sì bá tiwa lọ.

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé ọ̀nà epo ọkọ̀ oníkabúrétọ̀ àti ti ọkọ̀ onínọ́sù kì í ṣe ọgbọọgba. Nọ́sù ni ohun tí àwọn mìíràn ń pè ní injector, òun ni ó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì bí ìrì. Bí a bá fi géèjì wọn agbára tí epo fi ń ṣàn lọ sínú kabúrétọ̀, kì í sábà ju bíi 4 sí 7 psi lọ. Ti ọkọ̀ onínọ́sù bíi tiwa máa ń ju 40 psi lọ. Rọ́bà tí ó bá lè gba ti àkọ́kọ́ kò ní lè gba ti èkejì pẹ́, pàápàá nínú ooru ẹ́ńjìnnì. Yóò wú, yóò sán, yóò sì là ní ọjọ́ tí ènìyàn kò rò tì.

Ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá ọdún 2019. Ọmọ mẹ́rin ni a kó, à ń lọ sí ibi ìdíje ní Ìbàdàn. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó ti fi oṣù márùn-ún há ìpín tirẹ̀ sórí, jókòó sí ẹ̀yìn wa. A kò tíì rìn jìnnà tí ó fi sọ pé, “Àfáà, ẹ jọ̀ọ́ sà, epo ń rùn.” A ní kí ó gbájú mọ́ súrà rẹ̀. Ó tún ní, “Àfáà, ó ń rùn gan-an ni o.” A dá a lóhùn pé ọkọ̀ kì í rùn bí lọ́fínńdà, kí ó máa ka ohun tí a gbé e lọ kà. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Inú dígí ni a ti rí i tí ó bọ́ fìlà rẹ̀, tí ó fi bo imú.

Nígbà tí a súnmọ́ Láàlúpọn, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wa dúró. Bí ọkọ̀ ti dúró sójú kan, tí atẹ́gùn kò fẹ́ sí i mọ́, òórùn náà kún inú ọkọ̀ débi tí ojú ń ta wá. Ìgbà yẹn ni àyà wa já. A pa ẹ́ńjìnnì, a ní kí àwọn ọmọ sáré bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́yìn ọkọ̀. Awakọ̀ ọkọ̀ ńlá kan sọ̀kalẹ̀ wá bá wa. Ó ní kí á má ṣe fi ọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mọ́. A dúró díẹ̀ kí òun tó rọra ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Rọ́bà ẹ̀dínwó ti là ní gígùn, epo ti rin gbogbo orí ẹ́ńjìnnì, ó sì ń kán sílẹ̀ nítòsí irin tí èéfín gbígbóná ń gbà jáde. Awakọ̀ náà wo epo, ó wo àwọn ọmọ, ó sì ní, “Àfáà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Iná nìkan ló kù.”

A wọ ọkọ̀ èrò dé Ìbàdàn. Wọ́n ti pe orúkọ àwọn ọmọ wa kọjá. Ọmọ tí ó fi oṣù márùn-ún kọ́ ìpín tirẹ̀ kò rí i kà. Kò sunkún, kò sì sọ̀rọ̀ títí a fi padà dé Ìwó. A kò lè wo ojú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a fà ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn tí ó mọ iṣẹ́ nọ́sù dunjú. Kí ó tó ra ohunkóhun, ó tú pọ́ǹpù epo jáde láti inú táǹkì, ó ní kí á wá wò ó. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti sin ìsàlẹ̀ táǹkì, asẹ́ kékeré tí ó wà ní ẹsẹ̀ pọ́ǹpù ti dúdú bí èédú. Ọmọkùnrin náà kéré sí wa púpọ̀ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà, òun ni olùkọ́, àwa ni akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí ó kọ́ wa nìyí, tí a sì ti ń lò láti ìgbà náà.

Èkíní ni táǹkì. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ. Omi yòówù tí ó bá wọ inú táǹkì, ìsàlẹ̀ ni yóò lọ, ìsàlẹ̀ náà sì ni pọ́ǹpù ti ń fa epo. Yàtọ̀ sí èyí, inú epo ni pọ́ǹpù ọkọ̀ onínọ́sù wà, epo náà ni ó ń tù ú lára. Ẹni tí ó bá ń rìn pẹ̀lú iná pupa lórí géèjì lójoojúmọ́ ń fi ooru pa pọ́ǹpù rẹ̀ ni. A ní owó kò sí láti máa ra epo kún táǹkì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àfáà, ẹ ṣe wàhálà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ti rà á dé ìdajì, iye tí ẹ̀ ń ná tẹ́lẹ̀ náà ni ẹ ó máa ná láti fi dí èyí tí ẹ bá lò.” A ṣírò rẹ̀, òótọ́ ni. Láti ìgbà náà, a kì í jẹ́ kí ó lọ sílẹ̀ ju ìdá mẹ́rin táǹkì lọ.

Èkejì ni asẹ́ àti fílítà. Nínú ọkọ̀ mìíràn, fílítà wà ní ìta, ó rọrùn láti pààrọ̀. Nínú tiwa, inú táǹkì ni ó wà pẹ̀lú pọ́ǹpù, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń gbàgbé rẹ̀. A kì í fi ẹnu fẹ́ ẹ, a kì í fọ̀ ọ́ lò padà. Pípààrọ̀ ni. Bí fílítà bá ti dí, pọ́ǹpù yóò máa làágùn láti ti epo kọjá, yóò sì kú ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn á wá ra pọ́ǹpù tuntun, á tún fi fílítà àtijọ́ sí i lórí, èyí náà á tún kú.

Ẹ̀kẹta ni rọ́bà, kílíìpù àti ìdérí táǹkì. Kí á fi ojú wò wọ́n, kí á fi imú gbọ́ wọn. Rọ́bà tí ó bá ti sán, tí ó le gbagidi, tàbí tí ó rọ̀ jù, kí á pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ onínọ́sù. Ìdérí táǹkì tí rọ́bà rẹ̀ ti gé lè jẹ́ kí omi òjò wọlé.

Ẹ̀kẹrin ni nọ́sù. Àwọn kan á ti kọ́kọ́ sáré lọ fọ nọ́sù, nígbà tí ìdọ̀tí ṣì wà nínú táǹkì. Èyí dà bí ẹni tí kò mọ álífù tí ó ní òun fẹ́ ka súrà. Táǹkì ni àkọ́kọ́, asẹ́ àti fílítà ni ó tẹ̀lé e, nọ́sù ni ìgbẹ̀yìn. Oògùn tí a ń dà sínú epo lè fọ ẹrẹ̀ díẹ̀ kúrò lẹ́nu nọ́sù, ṣùgbọ́n kò lè sọ pọ́ǹpù tí ó ti gbó di tuntun.

Ìkarùn-ún ni ibi tí a ti ń ra epo. A kì í ra epo inú kẹ́ẹ̀gì lójú títì mọ́, a kì í sì í wọ ilé epo nígbà tí táńkà bá ń já epo lọ́wọ́, nítorí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ kòtò epo wọn lè rú sókè. Síbẹ̀, ìṣọ́ra ẹni kò tó ohun gbogbo. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba fúnra rẹ̀ kéde pé epo kan tí mẹ́táánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ ti wọ ọjà Nàìjíríà, wọ́n sì ń kó o kúrò. Mẹ́táánọ́ọ̀lù a máa fa omi mọ́ra, ó sì lè ba rọ́bà àti irin jẹ́. Ẹni tí rọ́bà àti fílítà rẹ̀ bá ti gbó tẹ́lẹ̀ ni irú epo bẹ́ẹ̀ ń kọ́kọ́ mú.

A fi ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kún un: iṣẹ́ epo kì í ṣe iṣẹ́ inú yàrá. Ìta gbangba ni kí ó ti wáyé, láìsí sìgá, láìsí jẹnẹrétọ̀ nítòsí. Kí á yọ fíúsì pọ́ǹpù, kí á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jó epo tí ó kù lọ́nà títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, kí á sì tú wáyà bátìrì tí ó ní àmì ìyọkúrò, kí ẹnikẹ́ni tó tú rọ́bà. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ẹnu fa epo. Bẹntiróòlù tí ó bá gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró lè pa ènìyàn.

Ní báyìí, a ní rẹ́jísítà fún ọkọ̀ wa gẹ́gẹ́ bí a ti ní fún kíláàsì. Ọjọ́, iye máìlì, ohun tí a ṣe àti iye tí a ná, gbogbo rẹ̀ ni à ń kọ. Ní ìparí táàmù kọ̀ọ̀kan ni à ń yẹ ọ̀nà epo wò, bí ọkọ̀ ṣàìsàn, bí kò ṣàìsàn. Bí ó bá sì ń pẹ́ kí ó tó gbéra láàárọ̀, bí ó bá ń fà sẹ́yìn lórí òkè, bí pọ́ǹpù bá ń hu lábẹ́ àga ẹ̀yìn, tàbí bí epo tí ó ń jẹ bá pọ̀ sí i, a kì í dúró de ìparí táàmù. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí owó epo ti fò sókè, a ti rí i pé ọkọ̀ tí nọ́sù rẹ̀ mọ́ ń dín ìnáwó kù. Ọkọ̀ náà ti kọjá 230,000 máìlì, ó ṣì ń lọ, alhamdulillah.

Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Ìfọ̀kàntán Ọlọ́hun kò sọ pé kí á fi okùn ràkúnmí sílẹ̀ láìso. Rọ́bà wa ni okùn tí a kò so.

Ohun kan ṣẹ́kù tí a kò tíì sọ. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tí ó tẹ̀lé ìrìn àjò yẹn, a dìde dúró níwájú kíláàsì, a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá náà ní ojú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Àfáà, kò tọ́pẹ́, ẹ má bínú sà.” A ní kì í ṣe òun ni yóò bẹ̀ wá. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, kò sí ìdíje nítorí àrùn kòrónà, ṣùgbọ́n a pe àwọn òbí jọ sí ìta ilé kéwú nígbà tí ó rọrùn, ó sì ka ìpín rẹ̀ tán pátá. Ó ti di ọ̀dọ́mọkùnrin báyìí. Ìgbàkígbà tí a bá kó ọmọ sínú ọkọ̀, kí á tó gbéra, a máa ń bi wọ́n léèrè pé, “Ṣé ẹ gbọ́ òórùn kankan?” Ẹni tí ó bá sọ pé òun gbọ́, a ó pa ọkọ̀, a ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó.

Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ ẹ̀mí àwọn ọmọ wa, kí Ó sì fún wa ní etí tí a ó fi gbọ́ wọn. Àmín.