Ibi Tí A Ó Sùn Nínú Yìnyín

Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ọmọ Yorùbá fi ilé tó móoru sílẹ̀, ó lọ sùn sínú igbó nígbà tí yìnyín bo ilẹ̀, ẹ ó béèrè bóyá orí onítọ̀hún pé. Àwa tí à ń gbé ní New York ṣe é, orí wa sì pé. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa rí ní alẹ́ àkọ́kọ́ ni a fẹ́ sọ, kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n.

Igbó Adirondack ni a lọ, ní ìhà àríwá ìpínlẹ̀ New York. Ọdún 1892 ni ìjọba ya igbó náà sọ́tọ̀. Ó fẹ̀ tó mílíọ̀nù 6 éékà. Òkè, odò àti adágún ló kún inú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ ti ìjọba. Ilẹ̀ onílẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ pàgọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo máàpù. Lórí ilẹ̀ ìjọba pàápàá, àyàfi ibi tí wọ́n ti fi àmì sí fún àgọ́, ènìyàn gbọ́dọ̀ fi 150 ẹsẹ̀ bàtà jìnnà sí ọ̀nà àti omi.

Gbogbo èyí ni a mọ̀. Òtútù fúnra rẹ̀ ni a kò mọ̀. Mẹ́rin ni wá, ìparí oṣù Disẹ́ńbà sì ni. Ní àsìkò yẹn, oòrùn ti máa ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ààbọ̀ tó lù. A pẹ́ kí a tó gbéra nílé. Nígbà tí a fi kí ìrun Àlàásárì tán, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú. A rí àfonífojì kan tó tẹ́jú, tó pa rọ́rọ́, tí yìnyín ibẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ó wù wá. Ẹ̀gbọ́n wa ní, "Ẹ jẹ́ ká gòkè díẹ̀ sí i." Ó ti rẹ̀ wá. A dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣèyọnu, Ọlọ́run ń bẹ."

A kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju èyí tó móoru lọ. Lóru, ńṣe ló ń ṣàn wálẹ̀ láti orí òkè bí omi, inú àfonífojì ló sì ń gbára jọ sí. Kó tó di ọ̀gànjọ́, omi inú ìgò wa ti dì gbagidi. Àbúrò wa tó kéré jù ń gbọ̀n. Ahọ́n rẹ̀ lọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò lè fa síípù ẹ̀wù rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù bà wá. Òógùn ìrìn ọ̀sán ti rin ẹ̀wù abẹ́ rẹ̀. A bọ́ ọ, a wọ gbígbẹ fún un, a sì fún un ní tíì gbígbóná tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n gun ẹ̀gbẹ́ òkè, wọ́n sì ké sí wa pé, "Ẹ rọra mú un bọ̀ o, ibí sàn!" Kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n òtútù ibẹ̀ kò tó ti ìsàlẹ̀ rárá. A fi àbúrò wa sáàárín. Nígbà tó di Àsùbáà, ó ń bi wá pé ta ló jẹ búrẹ́dì òun. Alhamdulillahi!

Láti ìgbà náà, ó ku wákàtí méjì kí oòrùn wọ̀ ni a ti ń wá ibùsùn. A kì í sùn ní ìsàlẹ̀ àfonífojì, a kì í sì í sùn ní ṣóńṣó òkè tí ìjì ń fẹ́. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni à ń wá, lẹ́yìn àwọn igi tí ewé wọn kì í wọ́ nígbà òtútù. A ó wòkè, nítorí igi gbígbẹ tàbí ẹ̀ka tí yìnyín wọ̀ lọ́rùn lè wó lu àgọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. A ó wo ibi tí oòrùn yóò ti yọ, kó lè tètè tàn sí wa lára. A ó fẹsẹ̀ tẹ yìnyín mọ́lẹ̀ dáadáa, a ó jẹ́ kó le kí a tó pàgọ́ lé e. A ó sì ti sọ fún ará ilé ibi tí a ó sùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, òótọ́ ni pé Ọlọ́run ń bẹ. Òun náà ló fún wa ní ojú àti làákàyè, tó sì fún wa ní ẹ̀gbọ́n tó ní ká gòkè díẹ̀ sí i. Kí Ó jẹ́ kí a máa gbọ́ràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Àmín.