Ẹ má jẹ́ kí tírafíkétọ̀ ọ̀kadà yín parọ́ mọ́ yín lójú títì o!

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ń gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́, mo fẹ́ bi yín ní ọ̀rọ̀ kan lónìí. Tírafíkétọ̀ mẹ́rin tó wà lára ọ̀kadà yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á, mélòó ló ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀ báyìí? Ẹ má wòkè o, ọ̀kadà yín ni kẹ́ ẹ lọ wò. N'Íbàdàn tí mò ń gbé yìí, bí mo bá dúró sí Mọ́kọ́lá lásìkò táwọn èèyàn ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ọ̀kadà tí tírafíkétọ̀ rẹ̀ pé kì í pọ̀. Òmíì ti kán dànù, òmíì ń fi wáyà rọ̀ dirodiro bí ìfun adìyẹ, òmíì sì wà níbẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́ lásán, kò tan iná kankan.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Ẹ máa ní ṣebí Ọlọ́run fún wa lọ́wọ́, ká na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó parí. Lójú ọ̀sán, ìyẹn dáa. Àmọ́ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí òjò ń rọ̀, tẹ́ ẹ gbé èèyàn sẹ́yìn, tẹ́ ẹ sì di kíláàṣì mú lọ́wọ́ òsì, ọwọ́ wo lẹ fẹ́ nà?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà nílé tiwa. Tíṣà kan ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í sáré, ọtí kì í kàn án lẹ́nu. Ní nǹkan bí aago méje alẹ́ ọjọ́ kan, ó ń bọ̀ láti Sángo, ó fẹ́ yà sọ́wọ́ òsì wọ àdúgbò wa. Tírafíkétọ̀ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ló bá na ọwọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Kóòtù dúdú ló wọ̀. Takisí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ò rí ọwọ́ kankan, òun náà ní kóun gba apá òsì kọjá lára ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé. Ẹsẹ̀ tíṣà kán síbi méjì. Nígbà tá a dé àgọ́ ọlọ́pàá, ohun kan ṣoṣo ni dẹ́rẹ́bà yẹn ń tẹnu mọ́: "Iná tó fi sọ fún mi pé òun fẹ́ yà dà?" Kò sẹ́ni tó rí i dá lóhùn nínú wa. Títí dòní, ọ̀pá ni tíṣà fi ń rìn.

Ẹ sì wò ó, láti ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin, ọdún 1972 tí Nàìjíríà ti kó ọkọ̀ wíwà sápá ọ̀tún, yíyà sọ́wọ́ òsì ló léwu jù fún wa, nítorí pé èèyàn máa dá ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀ níwájú kọjá, àwọn tó wà lẹ́yìn náà sì lè máa gba òsì sáré kọjá. Orúkọ tá a ń pe nǹkan náà pàápàá ní ìtàn. Láyé ọdún 1930 sókè, tírafíkétọ̀ tó wà lára mọ́tò àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe iná tó ń ṣẹ́jú. Apá kékeré kan ni, tó máa ń yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò láti fi ibi tí dẹ́rẹ́bà ń lọ hàn. Ẹ ò rí i pé àwọn tó ṣe é náà ti mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn nìkan ò tó.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tíṣà ṣẹlẹ̀, mo wo ọ̀kadà tèmi. Àwọn èrò tó ń gun ẹ̀yìn mi pẹ̀lú ẹrù ti fi ẹsẹ̀ fọ́ méjì ẹ̀yìn, méjì iwájú sì ti pọ́n bí omi àgbo. Mo ra mẹ́rin tuntun, irú èyí tó ń lo iná LED, mo gbé e lọ bá rìwáyà.

Ọmọ iṣẹ́ ni mo bá ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jókòó, kó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá mo ti ṣe é tán." Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti fi eyín bó wáyà, ó ti ń lọ́ ọ pọ̀, ó sì ti fa ọ̀rá ìpápánu yọ lápò pé òun fẹ́ fi wé e. Mo ní, "Àbúrò, rọra. Mi ò kánjú." Ló bá bú sẹ́rìn-ín: "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ fi í ṣègbéyàwó ni?"

Mi ò fẹ́ fi í ṣègbéyàwó o. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wáyà tó bá wà níta, ọjọ́ ikú ẹ̀ kì í pẹ́. Oòrùn á gbẹ ẹ́, òjò á mú un dípẹtà, ìró èrò ẹ̀yìn á kọ́ ọ já. Torí náà ni mo ṣe ní kó tú ìjókòó, kó sì gbé tánkì epo kúrò. Egungun ọ̀kadà tó gba abẹ́ tánkì kọjá, ibẹ̀ ni wáyà ẹ̀yìn ń tọ̀ bọ̀ wá síwájú, ibẹ̀ náà sì ni tuntun gbọ́dọ̀ gbà. A fi rọ́bà gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, a so ó mọ́ egungun níbi mélòó kan, a sì jẹ́ kó jìnnà sí ẹ́ńjìnnì àti sàlẹ́ńsà tó máa ń gbóná. Níbi ọrùn ọ̀kadà, a ò fà á le. A yí hándù lọ sọ́tùn-ún dópin, a yí i lọ sósì dópin, ká lè rí i pé wáyà ṣì dẹ̀. Èyí tí wọ́n bá fà le níbẹ̀, já ló máa já lọ́jọ́ kan.

Ibi tí wáyà ti pàdé ara wọn, òjé la yọ́ lé e, a wá fi rọ́bà tó máa ń fún tí iná bá kàn án bò ó. Inú ilé iná ńlá iwájú la kó gbogbo oríkèé náà sí, kò séyìí tójú ń rí. Ẹ kíyè sí àwọ̀ wáyà náà o. Lára ọ̀kadà Honda àti ọ̀pọ̀ àwọn ti Ṣáínà tí wọ́n fi í ṣe àwòṣe, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni ti ọ̀tún, aláwọ̀ ọsàn ni ti òsì, aláwọ̀ ewé ni ti ẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ẹ̀tì yìí gan-an, a ha ọ̀dà kúrò lára irin ká tó dè é mọ́ ọn, torí iná ò ń gba inú ọ̀dà kọjá.

A tan án wò. Áà! Mo tẹ òsì, ó ń ṣẹ́jú wàràwàrà bí ojú ẹni tí iyanrìn kó sí, ọ̀tún náà sì ń ṣẹ́jú pẹ̀lú ẹ̀! Ọmọ iṣẹ́ ní, "Ọ̀gá, ó ṣáà ń ṣẹ́jú, ẹ máa gbé e lọ." Mo ní kò sí nǹkan tó jọ ọ́. Ọ̀kadà tó dákẹ́, àwọn èèyàn á ṣọ́ra fún un. Èyí tó ń sọ pé òun ń lọ sọ́tùn-ún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà, irọ́ ló ń pa, irọ́ ló sì ń pa èèyàn.

Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀gá ẹ̀ tó wọlé dé. Ó ṣàlàyé fún wa pé gílóòbù àtijọ́, 10 wáàtì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, fúláṣà tó ń mú un ṣẹ́jú sì nílò irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa. LED ò jẹ iná tó bẹ́ẹ̀, fúláṣà á rò pé gílóòbù kan ti jó, ló ṣe ń kánjú. Fúláṣà tí wọ́n ṣe fún LED ló fi pààrọ̀ ẹ̀. Bó ṣe yẹ kó máa ṣẹ́jú ni láti 60 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń tàn pọ̀, gílóòbù kékeré kan ṣoṣo tó wà lójú mítà ló fà á. Ó so òsì mọ́ ọ̀tún, iná tó bá wọ òsì á sì gba inú ẹ̀ bọ́ sọ́tùn-ún. Iná díẹ̀ yẹn ò tó gílóòbù àtijọ́ í tàn, ṣùgbọ́n ó tó LED. Ọ̀gá náà fi dáyódù méjì sí i, nǹkan dúdú bíńtín tí kì í jẹ́ kí iná padà síbi tó ti ń bọ̀, ó sì so ẹnu kejì gílóòbù yẹn mọ́ ẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ òsì, òsì nìkan ló dáhùn.

Nígbà tí mo délé, àwọn kan ní fáàrí ni mò ń ṣe, pé ta ló ń wo wáyà ọ̀kadà. Tíṣà ò sọ̀rọ̀ ní tiẹ̀. Ó fi ọ̀pá rìn dé ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó ní kí n tẹ òsì, mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n tẹ ọ̀tún, mo tẹ̀ ẹ́. Ó wò ó títí, ó ní, "Ó dáa, bọ̀ọ̀dá. Ó dáa gan-an." Ló bá padà wọlé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, owó tírafíkétọ̀ mẹ́rin ò tó owó oníṣègùn eegun ọ̀sẹ̀ kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rá wé e fún yín, ẹ jókòó tì wọ́n. Láràárọ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ tẹ méjèèjì wò. Tẹ́ ẹ bá sì ti yà tán, ẹ rántí pa á, torí pé ti ọ̀pọ̀ ọ̀kadà wa kì í dá kú fúnra ẹ̀ bíi ti mọ́tò. Iná tẹ́ ẹ gbàgbé pa náà, irọ́ ló ń pa mọ́ yín. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín ò mọ inú yín o, ohun tí iná yín bá sọ ló máa gbà gbọ́.